Ẹni Tó Lọ Dúpẹ́ Oore Àná

Àbúrò mi, ọkùnrin kan wà ní àdúgbò kan tó wà lẹ́yìn ojú irin rélùwéè. Kò tíì gbéyàwó, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé, alágbàfọ̀ sì ni ìyá náà. Ọlọ́run fún ọkùnrin yìí ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo, ó sì fún un dáadáa. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sínú àwọ̀n ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì.

Má rò pé pápá gidi ni wọ́n ti ń gbá a o. Wẹ́dà àdúgbò ló jó òrùka irin mọ́ òpó iná tí kò ní wáyà. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, àwọ̀n pàápàá kò sí. Síbẹ̀, bí ọkùnrin yìí bá fò sókè tó ju bọ́ọ̀lù náà, àwọn tó ń jẹun nítòsí á gbàgbé òkèlè lọ́wọ́. Kìítàsé ni wọ́n ń pè é.

Àdúgbò yìí àti àdúgbò òdìkejì ojú irin kì í fojú rere wo ara wọn. Àwọn ọmọ ìta ìhín kì í dé ọ̀hún, àwọn ti ọ̀hún kì í dé ìhín, ẹni tó bá sì ṣèèṣì kọjá á fara gbọgbẹ́. Kìítàsé nìkan ló ń kọjá. Bí àwọn ara ọ̀hún bá ti rí i, ariwo orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á pa, wọ́n á ní kó wá bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan láti ìlú ńlá yà wò wọ́n. Ó wò ó títí eré fi parí, ó wá pe Kìítàsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ̀ wa ń lọ sí ibùdó ní Ọjọ́bọ̀. Wá bá wa lọ. Ibùsùn, oúnjẹ, ilé ìwé, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n wá bàtà wọ̀ o. A kì í wọ sílípáàsì gun ilẹ̀ onípákó tiwa."

Ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀. Ó mú kánfáàsì àtijọ́ kan tí oníbàárà rẹ̀ ti pa tì lọ bá ṣúmẹ́kà. Ìyẹn rán an, ó lẹ̀ ẹ́, ó ní yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Bàtà náà kò lẹ́wà, àmọ́ bàtà ni.

Ọkùnrin kan tún wà ní àdúgbò náà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìsàlẹ̀. O mọ irú wọn. Igbó tí àwọn ọmọ ìta ń mu, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Ìjà tí wọ́n ń jà, ẹnu rẹ̀ ló ti ń wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí Kìítàsé wá sọ́dọ̀ òun. Ó fi igbó lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó fi ọtí lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbé páálí kan wá sí ẹnu ọ̀nà ìyá náà. Bàtà tuntun ni, ojúlówó, pupa àti funfun.

"Bàbá ní ẹ kú oríire o. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ nǹkan kan."

Òótọ́ ló sọ. Kò fẹ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà.

Kìítàsé gbà á. Ta ló fẹ́ wọ kánfáàsì alálẹ̀mọ́ lọ sáàárín àwọn ọmọ olówó? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ jí i.

"O ò tíì lọ dúpẹ́."

"Màmá, ẹ mà mọ irú èèyàn tó jẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn burúkú ni. Àmọ́ ó ti ṣe wá lóore. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mi ò ní kí o jókòó síbẹ̀. Dọ̀bálẹ̀, kí o ní ẹ ṣé oore àná, kí o máa bọ̀."

Kí ló sọ tí kò dára níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àtìwọ náà nìyẹn. Kìítàsé tó lè kọ igbó, tó lè kọ ọtí, kò lè kọ ọpẹ́. Ó lọ.

Ìṣojú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Bàbá Ìsàlẹ̀ ló ti dọ̀bálẹ̀. Inú bàbá náà dùn gan-an ni.

"Dìde, ọmọ mi. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n tọ́! Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà." Ó na ọwọ́ sí báàgì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Bá mi mú èyí fún ẹ̀gbọ́n rẹ kan lódìkejì ojú irin. Ìwọ nìkan ni wọn ò ní dá dúró. Kò ju kí o fi lé e lọ́wọ́ lọ."

Kìítàsé gbé e wò. Báàgì náà wúwo, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì le. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Àmọ́ ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ tán, báwo ni yóò ṣe fi sọ ọ́? Iyẹ̀pẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ṣì wà níwájú ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbé báàgì. Nígbà tó dé ojú irin, wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n sì jẹ́ kó kọjá.

Ìbọn ló wà nínú báàgì náà. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó gbà á ti fi pa ọ̀dọ́kùnrin kan níbẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tó máa ń bá Kìítàsé gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo ayé ló sì rí ẹni tó gbé báàgì kọjá. Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò bi Bàbá Ìsàlẹ̀, ó ní òun ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ọmọ náà kàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ òun ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyá rẹ̀ ní kó tètè jáde, kó sá lọ bá ọkọ̀. Àwọn ará òdìkejì ti ń dúró dè é lọ́nà. Wọn ò pa á. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé ojú irin, wọ́n sì fi òkúta fọ́ ọ. Kóòṣì dúró fúngbà díẹ̀, ó wo ọ̀nà títí, ó wá ní kí ọkọ̀ máa lọ.

Wọ́n to eegun náà, àmọ́ ọwọ́ yẹn kò lè di bọ́ọ̀lù mú mọ́. Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ìyá náà ò ní owó ìtọ́jú, Bàbá Ìsàlẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Ó gbà á, kí ni kó ṣe? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wé gèlè, ó sì lọ dúpẹ́.

Àbúrò mi, n ò wá ṣeré lọ́dọ̀ rẹ. Ìwọ ni ọ̀gá ilé ìwé tí wọ́n fẹ́ kó àpótí ìbò sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lápò rẹ. Bí mo ṣe ń wọlé, mo rí jẹnẹrétọ̀ tuntun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyàwó rẹ ní alága ẹgbẹ́ òṣèlú yẹn ló fi ta ọ́ lọ́rẹ lọ́sàn-án òní. Agbádá tí o máa wọ̀ lọ kí i lọ́la ló ń lọ̀ lọ́wọ́ báyìí. O ní ọkùnrin náà ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀la ni yóò béèrè, yóò sì rọra béèrè, bí ẹni ń rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́.

Mo mọ̀ pé o kì í ṣe olè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Olè á gba nǹkan ẹni, á sì gbàgbé. Ọmọlúàbí ni ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi san án. Oore tí o ò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, má jẹ́ kó sùn nílé rẹ. Wọ́n á pè ọ́ ní abaramóorejẹ. Kí wọ́n pè ọ́ bẹ́ẹ̀.

Dìde, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Di apá kan jẹnẹrétọ̀ náà mú, kí èmi di èkejì.