Ìdí Tí Ilé Àdàbà Kò Fi Lórùlé

Nígbà láéláé, nígbà tí gbogbo ẹyẹ igbó ṣì ń gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ fún Ẹ̀gà, Àdàbà náà gbé tirẹ̀ fún un. Ẹyin ti wà nínú Àdàbà, òjò sì ń bọ̀. Ohun tó ń fẹ́ kò ju òrùlé tí yóò bo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe àdéhùn. Agbọ̀n ọkà bàbà kan bí ògiri bá parí, òmíràn bí òrùlé bá bò ó tán. Bí ìjà bá dé, àwọn méjèèjì ni yóò jọ yan onílàjà, ẹni náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ti jẹun rí nílé èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbà méjì jókòó gbèrò! Nínú igbó tí gbogbo wọn ti ń bá ara wọn jẹun, níbo ni wọ́n fẹ́ ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gà hun ògiri tán, ó gba agbọ̀n kan. Ni Àdàbà bá ní ẹnu ọ̀nà há òun láyà, kí ó fẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ̀gà tú u, ó tún un hun. Ó wá ní òun ò ní fọwọ́ kan òrùlé àfi bí Àdàbà bá san ọkà àtúnṣe. Àdàbà ní ọkà wo? Ṣé ilé tí onílé ò lè wọ̀ náà ni ilé?

Ó dáa, ẹ yan onílàjà. Àdàbà pe Àkùkọ. Ẹ̀gà ní Àkùkọ ti ṣa ọkà ní àgbàlá Àdàbà rí. Ẹ̀gà pe Ọ̀kẹ́rẹ́. Àdàbà ní ta ni ò mọ̀ pé Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ èkùrọ́ níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ Ẹ̀gà? Ọ̀bọ tiẹ̀ ti jẹ nílé méjèèjì, kò sì tíì dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ wọn sú mi o. Àdàbà ti yé ẹyin sínú ilé tí kò lórùlé, òjò ń ṣú, wọ́n jókòó, wọ́n ń ka ẹni tó jẹun.

Ìyá Ìgbín, tó dàgbà jù wọ́n lọ, bẹ̀ wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí kò bá yín jẹun rí, kí ló fẹ́ fi yín ṣe?" Wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Òun náà ti jẹ ewé lọ́dọ̀ Ẹ̀gà.

Nígbà tó yá, wọ́n rántí Ejò. Ejò ò jẹun nílé ẹnì kankan rí, torí kò sẹ́ni tó pè é rí. Inú wọn dùn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ wò wọ́n, ibi tí wọ́n ti wá fẹnu kò nìyẹn.

Ejò dé, ó kí wọn dáadáa. Ó gbọ́ tẹnu Ẹ̀gà, ó gbọ́ tẹnu Àdàbà, ó mi orí.

Ó ní, "Ẹni tó máa dá ẹjọ́ ilé, ó yẹ kó wo inú ilé. Ẹ dúró síta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹnì kejì ń sọ̀rọ̀ sí mi létí."

Ìyẹn tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an. Wọ́n dúró síta. Ejò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò fara gbún ibì kankan. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, agbedeméjì rẹ̀ sì ti wú.

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà náà fẹ̀ dáadáa. Àdàbà, san ọkà àtúnṣe." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Àdàbà sáré wọlé, kò bá ẹyin kankan. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi wọlẹ̀. Ojú ti Ẹ̀gà. Ó ní òun yóò bo òrùlé náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àdàbà ní, "Gbé òrùlé rẹ lọ. Mi ò fẹ́ ilé tí mi ò lè rí inú rẹ̀ láti ìta mọ́."

Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀gà ti kọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ sísàlẹ̀, tó so ilé náà mọ́ ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ, tí gbogbo ìran rẹ̀ sì ń pariwo bí wọ́n bá ti rí ejò. Láti ọjọ́ náà náà ni Àdàbà ti ń to igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ síbi kan, tó ń yé ẹyin sí gbangba, tó ń na ìyẹ́ bò wọ́n, tí òjò sì ń pa á.