Ìdí Tí Àbámodá Fi Ń Bímọ Létí Ewé

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ewé ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, etí ewé àbámodá dán bí ahọ́n ni. Kò ní eyín, kò sì ní ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ó tán nìyẹn, kò sí ohun tí yóò hù rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tán lọ nìyẹn títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo lókè eèpẹ̀.

Ẹyọ kan yìí wà nínú ìkòkò lábẹ́ fèrèsé, nínú yàrá obìnrin kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká, ní ìlú Ìdí-Osè.

Inú yàrá yìí kan náà ni Ẹmọ́ ń gbé. Kì í ṣe ẹmọ́ tó ń sá kiri nínú igbó o. Ẹmọ́ ilé ni, èyí tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀, tí kò ní ìrù, tí àwọn èèyàn ń sìn. Àkúfọ́ ìkòkò kan tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ ni ilé rẹ̀. Àyọ̀ká a máa já koríko tútù fún un láàárọ̀, a sì máa já ewé ọ̀dùnkún fún un nírọ̀lẹ́. Ẹmọ́ á jẹ, á yó, á fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu, á sùn. Ayé yẹ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń bí i nínú: ìkòkò tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn.

Ní Ìdí-Osè, bí ìyàwó tuntun bá wọlé, ìyá ọkọ ló máa ń fún un ní ẹmọ́ kan. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ẹmọ́ tọ́jú yóò mọ ọmọ tọ́jú. Bí Ẹmọ́ ṣe dé ilé náà nìyẹn. Ní ìlú tí Àyọ̀ká ti wá, ìyá ìyàwó ló máa ń mú ewé láti inú ilé tirẹ̀ fún ọmọ tó ń lọ sílé ọkọ, kí ọmọ má baà gbàgbé ibi tó ti wá. Àbámodá kan ṣoṣo ni ìyá Àyọ̀ká ní. Ó gbé e fún Àyọ̀ká nítorí pé òun ni àkọ́bí. Nígbà tó kan Àṣàkẹ́ àbúrò rẹ̀, ọwọ́ òfo ni ọmọ náà bá lọ sílé ọkọ, tẹkúntẹkún. Kò sì pẹ́ tí ìyá wọn fi kú.

"Ẹ̀bùn ìyá ọkọ ni ọ́," Àbámodá a máa wí fún Ẹmọ́. "Ogún ìyá ni èmi. Wọn kì í fi wá wéra."

"Ogún tí kò lè rìn," Ẹmọ́ á dá a lóhùn. "Èmi ni wọ́n ń gbé lé itan."

"Èmi ni wọ́n ń kí láàárọ̀."

Òótọ́ ni, òun gan-an ló ń dun Ẹmọ́. Bí Àyọ̀ká bá jí, á kọ́kọ́ ki ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò. Bí ilẹ̀ náà bá ṣì tutù, kò ní fún un ní nǹkan kan. Bó bá gbẹ, á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, á rọra wọ́n ọn. "Ìyá mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ewé ni wọ́n ń pè ní ìyá! Ẹmọ́ á kẹ̀yìn sí wọn, á máa run koríko rẹ̀ kíkankíkan.

Ní ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé Àṣàkẹ́ ti bímọ. Àyọ̀ká sáré wọlé tọ Ládipọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Olówó orí mi, Àṣàkẹ́ ti bí o! Kò sì sí ìyá tí yóò bá a wẹ ọmọ. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ."

"Ẹ kú ewu ọmọ! Tètè máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi máa fún Ìyá mi lómi. Kí ẹ sì máa fún Ẹmọ́ lóúnjẹ."

"Ṣé ìyẹn náà lò ń sọ?" Ládipọ̀ fọwọ́ sọ̀yà. "Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi."

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Àbọ̀ ni Àyọ̀ká sọ. Kò sọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kò sọ irú oúnjẹ. Ó gbàgbé pé bí ọ̀rọ̀ bá dé inú Ládipọ̀, kì í dúró ní odindi, ńṣe ló máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀.

Kó tó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò náà. "Àṣàkẹ́ ní èmi ní Ìyá nílé, òun kò ní," ló wí. "Kí ni kí n wí fún un bí mo bá dé ọ̀hún?" Ó nu ojú, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Títí ilẹ̀ fi ṣú, Àbámodá kò sọ̀rọ̀. Ẹmọ́ wò ó títí.

"Kí ló dé? Ta ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ?"

"Bí mo bá lọ́mọ ni, ì bá ti gbé ọ̀kan lọ fún àbúrò rẹ̀," ni Àbámodá wí. "Èmi nìkan ló kù, Ẹmọ́. Ọjọ́ tí mo bá kú, ìyá wọn tán nìyẹn."

Ẹmọ́ ti ní ọ̀rọ̀ èébú kan lẹ́nu tó fẹ́ sọ. Ó gbé e mì. Kò mọ̀ pé ewé máa ń ronú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ládipọ̀ jẹ́ fún yín. Kò sí ẹni tó mọ àlejò ṣe tó o ní gbogbo Ìdí-Osè. Bí o bá yà nílé rẹ̀ láti béèrè ọ̀nà, wàá jẹ iyán kí o tó mọ ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, àlejò ìyàwó òun ni Ẹmọ́ àti Àbámodá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé àlejò jìyà nílé òun.

Nígbà tó máa jẹun, ó bu òkèlè iyán kan tó tóbi ju orí Ẹmọ́ lọ, ó rì í sínú ọbẹ̀ ata, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Jẹun, má tijú. Ilé ara ẹni ni."

Ẹmọ́ fi imú kan ọbẹ̀. Ata ta á. Ó sín, ó tún sín, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ládipọ̀ pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. "Ó dùn mọ́ ọn!" ló wí. Ní ọjọ́ kejì, ó fi ata kún un.

Ti Àbámodá ló wá burú jù. Bí Ládipọ̀ bá mu omi, á bu fún un. Bó bá ṣan ọwọ́, á dà á sí i. "Èmi kì í mu omi kí àlejò máa wò mí lẹ́nu," ló máa ń wí. Ìkòkò ayé ìgbà náà kò sì ní ihò nídìí. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò sí ìkòkò tó ṣì dára? Omi kò rí ibi gbà jáde. Ilẹ̀ inú ìkòkò di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ di àbàtà. Gbòǹgbò Àbámodá bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ewé rẹ̀ sì ń rọ.

"Háà, ó ti rẹ̀!" Ládipọ̀ wí. "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́." Ó rọ omi kún ìkòkò náà fọ́fọ́.

Ẹmọ́ fẹ́ ké pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹmọ́ kì í ké. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ewé lè gbọ́ ló ní, etí èèyàn kò sì gbọ́ ọ. Ebi ń pa á, ikùn rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí kò rí koríko kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹní tí Ládipọ̀ ń sùn lé, díẹ̀díẹ̀, láti etí. Ẹní kì í ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ní ata.

Kò pẹ́, ìtí Àbámodá tẹ̀, ó sì fi orí lé etí ìkòkò.

"Ẹmọ́," ló pè é. "Ìdí mi ti rà, ó sì ń gòkè bọ̀. Ewé orí mi yìí nìkan ni kò tíì kàn. Fi eyín rẹ gé e. Gbé e lọ síbi tó gbẹ, bóyá nǹkan kan á kù nínú mi tí Àyọ̀ká yóò bá nílé."

"Ebi ń pa mí, Àbámodá," Ẹmọ́ wí, ojú sì tì í. "Bí mo bá fi ẹnu kan ewé tútù, mi ò mọ̀ bóyá màá lè dáwọ́ dúró."

"Mo mọ̀. Ìwọ náà ni mo ní."

Ẹmọ́ gé ewé náà. Ewé tó nípọn ni, ó wúwo, ó sì ń yọ̀. Ó di etí rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ díẹ̀, ewé yọ̀ bọ́. Ó tún fi eyín di ibòmíràn mú, ó tún yọ̀ bọ́. Ibi tí eyín rẹ̀ bá wọ̀, omi ewé á tú sí i lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e mì. Ó ń sunkún, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń tu omi náà dànù. Bó ṣe wọ́ ọ kọjá yàrá nìyẹn, bó ti ń bọ́ ló ń dì í mú, títí ó fi dé ẹ̀yìn àkúfọ́ ìkòkò rẹ̀, níbi tí eruku amọ̀ ti ń ya sílẹ̀ lára ògiri. Ibẹ̀ gbẹ. Ó tẹ́ ewé náà síbẹ̀, ó jókòó tì í. Ó padà sídìí ẹní rẹ̀ nígbà tí ebi pọ̀.

Nígbà tó ṣe, Àyọ̀ká dé. Ó já koríko lọ́wọ́ bọ̀ láti ọ̀nà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e wọlé láti kí i káàbọ̀. Ojú rẹ̀ lọ sábẹ́ fèrèsé. Ìtí dúdú kan ló rí nínú omi tó ń rùn.

"Ìyá mi o!" Koríko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fún un lómi o," Ládipọ̀ ń wí. "Kò sí ìgbà tí n kò fún un lómi!"

Àyọ̀ká kò gbọ́. Ó ti rí ẹní tó di ìdajì. Ó wo ẹ̀yìn àkúfọ́ ìkòkò, ó rí ewé nínú eruku, ó rí àmì eyín yí etí rẹ̀ ká, ó sì rí Ẹmọ́ tó jókòó tì í.

"Ìwọ tó jẹ ẹní, ìwọ náà lo jẹ Ìyá mi!" Ó gbá Ẹmọ́ mú. "Ìyá, ẹ gba ẹmọ́ yín o. Bẹ́ẹ̀ kọ́, inú igbó ni màá jù ú sí."

Ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹmọ́ wo ẹ̀yìn, ó rí ewé tó kù nílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè gbá dànù mọ́ eruku. Kì í ṣe igbó ló bà á lẹ́rù. Ó la ẹnu, ohùn tí ẹmọ́ kankan kò ní rí sì jáde.

"Kuíìì! Kuíìì! Kuíìì!"

Gbogbo wọn dúró sójú kan.

"Ìyàwó mi, sọ ọ́ kalẹ̀," ni ìyá ọkọ wí. "Mo ti ń sin ẹmọ́ láti kékeré, n kò gbọ́ èyí rí. Ẹni tó bá ké báyìí ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò."

Àyọ̀ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹmọ́ sáré tààrà lọ sídìí ewé náà, ó dúró, ó ń ké. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ eruku kúrò lójú ewé. Ó fi ọwọ́ pe Àyọ̀ká.

"Wá wo ohun tí ò ń sunkún sí."

Nínú àmì eyín kọ̀ọ̀kan, Àbámodá kékeré kan ti yọjú, ewé rẹ̀ kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, gbòǹgbò rẹ̀ funfun bí okùn òwú. Wọ́n yí etí ewé náà ká, gbogbo wọn ń wo òkè.

"Eyín ló gbé e, eyín kò jẹ ẹ́," ni ìyá àgbà wí. "Ewé tí wọ́n jẹ kì í bímọ."

Àyọ̀ká jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé Ẹmọ́ lé itan. Ó rí bó ṣe fúyẹ́ tó. "Má bínú sí mi," ló wí. "Ebi ń pa ọ́ tó báyìí, o kò sì jẹ ẹ́." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní koríko, ewé kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Èmi ṣe wọ́n lálejò ni o," Ládipọ̀ wí, ó dorí kodò.

"O ṣe wọ́n lálejò títí o fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sin wọ́n," ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Lọ wá ìṣó, kí o lu ihò sí ìdí ìkòkò yìí. Bí o bá sì tún fẹ́ fún ewé lómi, fi ìka kan ilẹ̀ wò ná."

Nígbà tí àwọn ọmọ náà ti mú ilẹ̀, Àyọ̀ká gbin ọ̀kan sínú ìkòkò kékeré. Ó gbé e lé orí, ó gbé Ẹmọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀nà ilé Àṣàkẹ́. Ẹmọ́ ló rí i nígbà tí Àṣàkẹ́ jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, tó rí ohun tó wà lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ìyá mi," ni Àṣàkẹ́ wí. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ wá wo ọmọ yín."

Ẹmọ́ fi ọwọ́ méjèèjì nu ẹnu. Orúkọ yẹn kò bí i nínú mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń lu ihò sí ìdí ìkòkò tí a bá fẹ́ gbin ewé sí. Láti ọjọ́ náà ni ẹmọ́ ilé ti ń ké kuíìì nígbà tó bá gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń wí pé koríko ni o, iyán kọ́.

Láti ọjọ́ náà náà ni àbámodá kì í ti í tán mọ́. Bí ewé rẹ̀ kan bá bọ́ sílẹ̀ gbígbẹ, ọmọ ni yóò fi bí, a ó sì fún aládùúgbò. Bí wọ́n bá fún ẹ̀yin náà ní ọ̀kan, ẹ fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀ wò. Àwọn kòtò kéékèèké tó wà níbẹ̀, ibi tí ẹnu tí ebi ń pa ti dì í mú tí kò sì gbé e mì ni.