Àdá Tuntun Olóyè Ládẹ̀jọ

Ọdún tí wọ́n ń da ọ̀dà sí títì ìlú wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Ògúnkẹ́yẹ alágbẹ̀dẹ. Olóyè Ládẹ̀jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù àdá òyìnbó, ó wá pàṣẹ pé kí ọjọ́ ọjà tó pé, kí Ògúnkẹ́yẹ mú ẹnì kan wá tí yóò sọ lójú òun pé àdá òun kò dára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó paná àgbẹ̀dẹ rẹ̀. Ta ni yóò jẹ́ dán an wò? Ògúnkẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, “Bàbá, àdá yín ń dán yinrin. Ẹ bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ sóko yín lọ́la, kí ẹ pín in fún wa, kí gbogbo ìlú rí iṣẹ́ rẹ̀.” Inú olóyè dùn, ó gún iyán, ó pín ogún àdá. Kí oòrùn tó mú, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo tí kò tíì bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ráhùn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun. Olóyè dé, ó pariwo, “Ẹ̀yin ọ̀lẹ, iṣẹ́ dà?” Ògúnkẹ́yẹ ní, “Àdá yín dára, bàbá, ó kàn ń sinmi ni.” Olóyè já ẹyọ kan tó kù gbà, ó fi ṣá igi kékeré kan, àdá ká bí ewé ẹ̀bá iná. Ó sọ ọ́ sígbó: “Irú pàǹtí wo rèé? Ṣé àdá lèyí?” Ògúnkẹ́yẹ ṣí fìlà: “Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti rí ẹnì kan tó sọ ọ́.” Ó padà sídìí ẹwìrì rẹ̀. Àdá mẹ́tàdínlógún ló ká, mẹ́ta kán, iyán odó mẹ́rin sì tán.