Ọwọ́ Tí Iná Kì Í Jó

Ní abúlé tí mo ti ń lọ ra iṣu, ọkùnrin aránṣọ kan ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Àmì kan tó funfun díẹ̀ yọ sí ọmọ yìí lẹ́yìn. Wọ́n pè é ní làpálàpá, wọ́n fi ewé ra á títí, kò lọ. Kò sì yún un. Lọ́jọ́ kan bàbá ń wọn aṣọ ọdún fún un, abẹ́rẹ́ ṣèèṣì gún un lójú àmì náà. Ọmọ kò mira. Ó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà rí i pé kò dùn ún, wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ rú ọkùnrin yìí lójú. Ta ló kó o ràn án? Ó fura sí ilé ìwé. Ó fura sí odò. Ó fura sí àwọn ará ilé ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì di ìjà. Níkẹyìn ó kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan lóko, pẹ̀lú ẹní tirẹ̀ àti abọ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì kan gbọ́, ó wá. Ó ní kí gbogbo ilé jáde kí òun yẹ̀ wọ́n wò.

“Èwo ni gbogbo ilé? Ọmọ ló ń ṣàìsàn, ó wà lóko.”

“Ọmọdé kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bàbá. Ó ti ní láti pẹ́ lára àgbàlagbà kan.”

“Ṣé ìyá mi lẹ wá fẹ́ kí n bọ́ láṣọ? Ẹ má bà wá lórúkọ jẹ́ o.”

Ìyá náà wà nídìí iná tó ń sun iṣu. Ó fọwọ́ lásán yọ iṣu jáde nínú iná, ó gbé e dání, kò jù ú sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń yìn ín fún un. Àwọn ọmọ a máa pariwo, “Ìyá àgbà, ọwọ́ irin!” Èmi náà ti bá wọn pàtẹ́wọ́ rí, n kò ní parọ́.

Nọ́ọ̀sì kò pàtẹ́wọ́. Ó yí ọwọ́ náà padà. Iná ti jó o dé ẹran.

“Ìyá, kò dùn yín?”

“Kí ni yóò dùn mí?”

Ẹ̀gbẹ́ ìyá yìí ni ọmọ ti ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú.

Wọ́n fún àwọn méjèèjì lóògùn, ọ̀fẹ́ ni. Àmì ọmọ ń parẹ́. Ìka méjì tó ti ká lọ́wọ́ ìyá àgbà kò nà mọ́. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ wálé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di abọ́ rẹ̀ mú, ó ń wojú bàbá rẹ̀ bóyá kí òun wọlé.

Bàbá Mopélọ́lá, nítorí àmì tó wà lẹ́yìn ọmọ yín ni mo ṣe kọ èyí. Bí iṣu kéékèèké bá ń rà nínú òkìtì mi, n kì í bá wọn jà. N óò tú òkìtì títí dé ìdí èyí tó tóbi jù, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí àrùn yìí ṣe ń fara pamọ́ fún ọdún púpọ̀, tó ń mú ẹnì kan, tó ń fi ẹlòmíràn sílẹ̀, ó rú èmi náà lójú, n kò kàwé dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ ti ká ẹní Mopélọ́lá, ó ń lọ oko lọ́la. Ẹ tú ẹní náà sílẹ̀. Ẹ bọ́ ẹ̀wù yín, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn tiyín.