Ọkùnrin Tí Ó Ń Wá Tábìlì

Ìtùnnú, ọmọ mi, láti ìjẹta ni o ti ń bi mí pé tábìlì wo ni kí o mú ní báǹkì yín, mi ò sì dá ọ lóhùn, nítorí mi ò mọ tábìlì kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan ni mo mọ ìtàn rẹ̀. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, kí o gbọ́ tirẹ̀.

Báǹkì ńlá kan ní Èkó ló gbà á síṣẹ́. Kì í ṣe irú báǹkì tí èmi àti ìwọ ń tò sí láti gba owó oṣù. Ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni oníbàárà wọn. Nínú gbọ̀ngàn kan tí ó gùn bí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n to àwọn tábìlì sí, tábìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òwò tirẹ̀. Àwọn kan ń ra dọ́là, àwọn kan ń ta bọ́ǹdì, ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, ariwo fóònù kì í sì í dá.

Àṣà wọn ni pé ẹni tuntun kò ní tábìlì tirẹ̀. Àga kékeré kan tó ṣeé ká ni wọ́n á fún un. Á máa gbé e kiri láti tábìlì kan dé òmíràn, á jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń ṣiṣẹ́, á máa wo ọwọ́ wọn. Nígbà tó bá yá, á sọ tábìlì tó wù ú, àwọn ará tábìlì náà á sì sọ bóyá òun náà wù wọ́n. Bí kò bá wu ẹnikẹ́ni, ilé ló ń lọ. Òfin kan ṣoṣo ló de ẹni tó wà lórí àga kékeré: kò gbọdọ̀ gbé fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni òwò níbẹ̀. Tí o bá ti dárúkọ iye, tí oníbàárà sì ti ní òun gbà, ó ti parí, ìwé kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni.

Ọkùnrin yìí kò fẹ́ lọ sílé rárá. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ó sì ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ kí ó tó wá. Tábìlì kan ti gba ọkàn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti ń fi owó báǹkì fúnra rẹ̀ ra dọ́là, tí wọ́n sì ń tà á. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń rìn bí onílé. Aago ọwọ́ wọn ń dán, wọ́n ń jẹun lórí ìdúró, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ti fọwọ́ gbá ọkùnrin náà léjìká rí, ó ní, “Ìwọ yìí, o máa wúlò fún wa.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń gbé sùn, tó ń gbé jí. Ó tilẹ̀ ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti rí àyè níbẹ̀.

Tábìlì tó jókòó sí kẹ́yìn kéré. Àwọn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa ta bọ́ǹdì fún àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ìyá kan tó ń lo jígí ojú ni ọ̀gá wọn. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi ń tẹ́tí sí oníbàárà tó ń ráhùn. Ọkùnrin náà ṣáà ń yán, ó ń retí kí ọjọ́ pé.

Nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n yan tábìlì, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí fóònù, fóònù mìíràn sì ń dún. Ó dún, ó dún. Ara ọkùnrin náà kò gbà á mọ́, ó gbé e. Kì í ṣe oríkunkun, ó fẹ́ ṣèrànwọ́ ni. Obìnrin kan tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ló pè, ó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta bọ́ǹdì kan. Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Iye méjì ló wà níbẹ̀, èyí tí báǹkì fi ń rà àti èyí tí ó fi ń tà. Èyí tí báǹkì fi ń rà ló kà fún un, òun ló sì kéré jù. Obìnrin náà ní, “Ó dáa, mo gbà.” Ó sọ bí èyí tó fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ó pọ̀ lóòótọ́.

Fóònù kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi mọ ohun tó ṣe. Kò sí ẹni tó rí i. Bó bá dákẹ́, àárín àwọn mẹ́rin yẹn ni wọ́n máa ti wá ẹlẹ́bi. Ẹ̀rù bà á débi pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tábìlì dọ́là ló kọ́kọ́ sá lọ, nítorí ẹni yẹn ló rò pé ó fẹ́ràn òun. Ó rò gbogbo rẹ̀ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀gá náà wẹ̀yìn kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Ṣé ẹnì kan rí ọ? Kò sí? Pa ẹnu ẹ mọ́ nígbà yẹn. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá jẹ́wọ́ ló jẹ̀bi. Wá bá mi lọ́la, àyè ẹ ṣì wà.”

Ṣé o rí i, Ìtùnnú? Ohun tí ọkùnrin yìí ń fẹ́ ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kó pa mọ́. Mi ò rò pé inú rẹ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ó sì bi ara rẹ̀ pé lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàṣìṣe, orí ta ni wọ́n máa gbé e lé. Ó wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tó, ojú kálukú ń ṣọ́ ẹnì kejì.

Ó padà sí tábìlì kékeré. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ni mo gbé fóònù. Mo ti ta bọ́ǹdì ní iye tí kò yẹ.”

Ìyá náà bọ́ jígí ojú rẹ̀. Inú bí i, kò sì fi pa mọ́. “Ṣé a kò kìlọ̀ fún ọ ni?” Ó fa bírò kan yọ. “Ta lo tà á fún?”

Ó sọ fún un.

“Pè é padà. Sọ fún un pé o ṣàṣìṣe, àmọ́ iye tí o pè é náà la máa tà á. Gbogbo wa la jọ máa ru àdánù náà.”

Ọ̀kan nínú àwọn yòókù mí kanlẹ̀, ó sì sún kí ọkùnrin náà lè ráyè dé ìdí fóònù. Obìnrin oníbàárà yẹn kò fi kọ́bọ̀ kan kún un, kí n má parọ́ fún ọ. Ó kàn dúpẹ́ ni. Oṣù yẹn kò sì dára fún tábìlì kékeré.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bi ọkùnrin náà pé èwo ló fẹ́. Tábìlì kékeré ló dárúkọ, ó sì ń retí kí wọ́n kọ òun. Ìyá náà ní, “Ẹ fún mi ní eléyìí. Mo ti mọ ohun tó máa ń ṣe tó bá ṣàṣìṣe. Mi ò tíì mọ ti àwọn ẹni tuntun tó kù.”

Nítorí náà, ọmọ mi, má bi mí mọ́ pé èwo ló ń sanwó jù tàbí èwo ni orúkọ rẹ̀ ń dún. O máa ṣàṣìṣe. Mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ máa ń yá ju ojú rẹ lọ. Lọ wo àwọn ènìyàn yẹn lọ́jọ́ tí nǹkan bá dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wá ibi tí o ti lè sọ pé “èmi ni,” tí wọ́n á bínú sí ọ, tí wọ́n á sì tún bá ọ tún un ṣe. Irú ibẹ̀ wà, ọkàn mi sì balẹ̀ pé wàá rí i. Bí o kò bá wá rí i, mú tábìlì tí wọ́n bá fún ọ, kí ìwọ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé “èmi ni” níbẹ̀.