Ìjàpá, Àkókó àti Ẹ̀wọ̀n Kànga

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

“Àkóko tó.”

Ọ̀rọ̀ tí Àyọ̀ká, ìyàwó Ìjàpá, sọ kẹ́yìn nìyẹn. Àìsàn ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbé òpin ọ̀rọ̀ náà sókè, kò sì lè gbé e wálẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹrẹsẹ, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó dákẹ́.

Wọ́n sin ín. Ará ilé ń sunkún. Ìjàpá kò sunkún. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu.

“Àkókó tó! Àkókó alágbẹ̀dẹ! Òun ló tó ọkọ, tí èmi kò tó?”

Àkókó, ẹyẹ tí ń sọ igi, òun ni alágbẹ̀dẹ ìlú láyé ìgbà náà. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọ̀bẹ lọ pọ́n níbẹ̀ rí. Ó ti gbé ọkọ́ lọ síbẹ̀ rí.

“Ọ̀bẹ ilé mi kì í kú tẹ́lẹ̀! Àfi ìgbà tí Àkókó dá àgbẹ̀dẹ sílẹ̀! Ògbe pupa orí rẹ̀ yẹn ló fi ń fa obìnrin mọ́ra.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Owú kì í jẹ́ kí ojú ríran.

Ìlú náà ní òfin kan. Tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá gbé ọkọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Olè á kó o, á tà á bí irin àlòkù, iná àgbẹ̀dẹ á yọ́ ọ, ó parí. Ẹfọ̀n tó jẹ́ ọba wá pàṣẹ. Ojúmọmọ ni kí a máa ta irin àlòkù. Ẹni tó ń tà á yóò sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tó ti rí i. Yóò gé irin náà jẹ, yóò fi búra; irin kì í fi òpùrọ́ sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ yóò so màrìwò mọ́ ọn, yóò gbé e kọ́ síta di ọjọ́ ọjà, bóyá ẹni tó ni ín á rí i. Alágbẹ̀dẹ tí a bá bá irin tí kò ní màrìwò lọ́wọ́ rẹ̀, a ó tú àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ká, yóò kó ọmọ rẹ̀ kúrò nílùú.

Bí Àkókó bá fẹ́ ra irin, orin ló máa ń kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló nirin yìí o?
Kìn-ìn-kan!
Níbo ló ti wá o?
Kìn-ìn-kan!
Gé e jẹ kí n tó rà á o.
Kìn-ìn-kan!
Ojúmọmọ là á tà á o.
Kìn-ìn-kan!

Ìjàpá ro òfin náà títí. Ó mi orí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí gbogbo ìlú ti lọ sóko, ó lọ tú ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. Àkókó lọ wá èédú nínú igbó. Ìjàpá yọ́ wọ àgbẹ̀dẹ, ó ti ẹ̀wọ̀n náà bọ abẹ́ òkìtì irin. Ó di ààfin.

“Kábíyèsí! Ẹ̀wọ̀n kànga wà lọ́dọ̀ Àkókó! Òkété ló tà á fún un lọ́sàn-án yìí. Ojú mi ló ṣe!”

Ìlú ya lọ sí àgbẹ̀dẹ. Wọ́n tú òkìtì, wọ́n fa ẹ̀wọ̀n yọ. Kò sí màrìwò lára rẹ̀.

“Omi tí ọmọ mi ń mu ni Àkókó fẹ́ rọ di àdá!” Ewúrẹ́ pariwo.

Àkókó dé pẹ̀lú èédú lórí. Ó rí wọn, ó sọ èédú kalẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lajú ń ké nínú ihò igi.

“Kábíyèsí, n kò mọ̀ nípa rẹ̀.”

Wọ́n jí Òkété. Ó ń nu ojú.

“Èmi? Lọ́sàn-án? Ìjàpá, ta ló rí òkété lójú oòrùn rí?”

Ẹ̀rín sọ. Ọba kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gé irin jẹ.”

Àkókó gé e. Kò sí nǹkan. Òkété gé e, ó yán, kò sí nǹkan.

“Kábíyèsí, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí,” ni Ìjàpá wí. “Ẹnu mi ò gba irin.”

“Ẹnu tó gba ẹjọ́, á gba irin.”

Àkókó bá gbé orin rẹ̀. Ẹ gbè é!

Ta ló nirin yìí o?
Kìn-ìn-kan!
Gé e jẹ kí a rí i o.
Kìn-ìn-kan!

Ìjàpá wo ògbe pupa yẹn. Ó ya ẹnu, ó fi gbogbo agbára gé ẹ̀wọ̀n jẹ. Gànìn! Eyín rẹ̀ dà sílẹ̀ wàràwàrà bí àgbàdo tí a rún.

Ọba ní, “Kí ni Àkókó fi ṣe ọ́?”

“Ó gba ìyàwó mi. Orúkọ rẹ̀ ló pè kó tó kú. Ó ní Àkókó tó.”

Ìgbín ló gbé orí Àyọ̀ká lé itan lọ́jọ́ tó kú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Yéè! Ìjàpá! Àkókò ló wí. Ó ní àkókò tó. Ìwọ ló ń dágbére fún.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìjàpá fa orí wọlé.

Ìdí tí Ìjàpá kò fi ní eyín kankan lẹ́nu títí dòní nìyẹn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́. N kò bù kún un, n kò bù kúrò níbẹ̀.

Ní ti Ìjàpá, kò tíì bẹ Àkókó. Kò tíì fá orí. Kò tíì ká aṣọ ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí okùn. Kò tíì gbá yàrá. Kò tíì sunkún. Kò tíì dá Àyọ̀ká lóhùn pé ó dàbọ̀.