Olówó Tí Alága Ní Kí Wọ́n Mú Wá
Alága káńsù kan wà tó lágídí. Nígbà táwọn ayálégbé ní kó ṣòfin pé kí gbogbo ẹ́sítéètì tuntun ya ilé olówó pọ́ọ́kú sọ́tọ̀ fún mẹ̀kúnnù, ó ní àfi tí wọ́n bá mú olówó kan wá tó lè fi tálákà ṣe aládùúgbò láìbẹ̀rù olè. Ṣíjúwọlá, opó aránṣọ, kúnlẹ̀ láàárín ìpàdé: “Alága wa, ẹ kú iṣẹ́ ilé tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ sí ẹ́sítéètì. Ta ló ń sùn síbẹ̀?” Alága rẹ́rìn-ín: “Aṣọ́lé mi ni, òun àtìyàwó àtọmọ. Ìṣó kan ò sọnù rí.” Obìnrin náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n kó jáde lónìí.” Alága ní, “Kólè lè wá tú ilẹ̀kùn mi lọ?” Ṣíjúwọlá dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní, “Olówó tẹ́ ẹ ní ká mú wá ti dé, sà. Ẹ̀yin ni.” Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Òfin jáde, aṣọ́lé yẹn ló kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú, ògiri kan ló sì pààlà sáàárín òun àti alága.